Sàbítíyù Oníṣọ́kù Kì Í Ṣe Obìnrin Jẹ́jẹ́

Àfáà tó wàásù níbi fídáù ìyá àgbà mi parọ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọdé sọ bẹ́ẹ̀ nípa àgbà, àgbà ẹ̀sìn pàápàá, àmọ́ irọ́ ni wọ́n pa. Wọ́n ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni ìyá àgbà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn ìyá níta rí, pé ìyá ò bá èèyàn fa ọ̀rọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Gbogbo ará Kétu tó jókòó sábẹ́ kánópì ń ṣe "àmín, àmín", bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnì kan nínú wọn tí ìyá yẹn ò tíì bú rí. Ìyá bá mẹkáníìkì jà, wọ́n bá oníbàárà jà, wọ́n bá ṣiámáànù ẹgbẹ́ jà, wọ́n bá ọmọ bíbí inú wọn jà títí ẹ̀mí fi bọ́. Jẹ́jẹ́ wo? Àbí ìyá ẹlòmíràn la wá sin ni?

Irọ́ àfáà nìkan kọ́ ló mú mi jókòó kọ èyí. Àfáà ò mọ ìyá. Ohun tí wọ́n kọ sínú pépà fún wọn ni wọ́n kà. Ohun tó ń ta mí lára ni ohun tí Bọ̀dá Múrí ṣe kí wọ́n tó kó àga kúrò nílẹ̀. Bọ̀dá Múrí ni àbúrò màmá mi, òun nìkan sì ni ọkùnrin tí ìyá àgbà bí. Mo mọ̀ pé àgbà ni sí mi, àmọ́ mi ò ní bọ̀wọ̀ fún un nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé pátákó tuntun kan jáde. Fọ́tò ìyá àgbà wà lára rẹ̀ tòun ti ìborùn funfun, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: SÀBÍTÍYÙ ONÍṢỌ́KÙ ÀTI ỌMỌ. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè òun máa tún ṣọ́ọ̀bù ìyá òun ṣí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Màmá mi, tó jókòó tì mí, di ọwọ́ mi mú pinpin.

"Àníkẹ́, má ṣe é níbí," màmá mi sọ. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

Mo gbé ẹnu mi pa mọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ni orúkọ yẹn fún yín, kí ẹ tó lọ ra ohunkóhun tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ṣọ́kù ni ìyá àgbà ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ọkọ̀, ṣọ́kù ni irin gígùn bí apá tó máa ń wà nídìí táyà, tó ní ọ́ìlì nínú, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò lórí kòtò bí àkèré. Bàbá àgbà ló kọ́kọ́ jẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn tó ń kó tòmátì láti Òkè Ọya wá sí Mile 12. Nígbà tí bàbá kú, ìyá àgbà ò padà sídìí ìsọ̀ ata bí àwọn ẹbí ọkọ wọn ṣe fẹ́. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní láìnì àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tókunbọ̀ ní Kétu, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin bí ogún. Ìyá Múrí ni gbogbo láìnì ń pè wọ́n, nítorí ọmọkùnrin yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ ṣọ́kù wò nìyí. Wọ́n á gbé e dúró lórí kọnkéré, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé e lórí, wọ́n á wá gbé gbogbo ara wọn lé e títí tó fi máa wọlé tán. Lẹ́yìn náà wọ́n á dẹ ọwọ́, wọ́n á dijú. Tó bá ta padà wàì, ó ti kú. Tó bá kọ̀ tí kò gòkè mọ́, ó ti kú. Tó bá rọra ń gbé ọwọ́ wọn sókè, tí kò kánjú, tí kò ta, wọ́n á ní, "Èyí ń mí." Èyí tó bá kú, wọ́n á gbé e sọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kódà kí ẹni tó tà á fún wọn ṣì dúró síbẹ̀. Etí aṣọ wọn ni wọ́n fi ń nù ún. Kò sí ìró wọn kan tí kò ní àbàwọ́n ọ́ìlì, títí kan léèsì tí màmá mi rà fún wọn. Lọ́jọ́ Iléyá kan, màmá mi bínú pé ìyá fẹ́ wọ ọ́ lọ sí yídì bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Ṣé Ọlọ́run ò mọ ibi tí mo ti ń jẹun ni?"

Wọn kì í ta ẹyọ ṣọ́kù kan. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi ṣe fàájì, òfin ni. Èyí tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ jẹ́ ọgbọọgba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ọkùnrin kan dé lọ́jọ́ kan, ó so táì, ó gbé jíìpù ńlá wá. Mo wà níbẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀pà.

"Màmá, ẹyọ kan péré ló bàjẹ́. Ti òsì."

"Tí bàtà òsì yín bá ya, sà, ṣé ẹyọ kan lẹ máa ń rà?"

"Màmá, ẹ̀yin ẹ gbowó yín. Èmi ni mo ni mọ́tò."

"Ẹ gbé owó yín lọ. Mi ò tà."

Ọkùnrin náà pòṣé, ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n sì ta ẹyọ kan fún un níbẹ̀, kíá. Ìyá àgbà dìde dúró. Ohùn tí àfáà ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí níta, wọ́n gbọ́ ọ dé ìdí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín o! Ẹ ní kó ti máa wá ọkọ míì!" Gbogbo láìnì bú sẹ́rìn-ín. Aládùúgbò wọn tó ta ọjà náà ò kí wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo béèrè pé ṣé kò dùn wọ́n pé wọ́n pàdánù owó yẹn, wọ́n ní, "Ọjà tí mo kọ̀ láti tà kò lè pa ẹnikẹ́ni."

Èmi náà jẹ nínú èébú yẹn, mo sì jẹ ẹ́ yó. Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Gbàgádà. Mo tọ́jú owó fún ọdún méjì, mo fi ra ọkọ̀ tí mo ti ń lálàá rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì: ọkọ̀ eré, onílẹ̀kùn méjì, tókunbọ̀, dúdú bí kóró iṣin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn bí oyin. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí lára rẹ̀ ni pé ó ga jù. Mo fẹ́ kó sùn mọ́lẹ̀ bíi ti inú ìwé ìròyìn ọkọ̀. Mo fẹ́ sípíríìn kúkúrú, ìyẹn irin lílọ́ tó gbé ọkọ̀ ró lórí táyà, àti ṣọ́kù líle, mo sì fẹ́ ẹ kí oṣù tó parí, torí mo ti ń fọ́nnu fún àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì wa tí wọ́n ní obìnrin ò lè mọ ọkọ̀ eré í wà.

Mo gbé e lọ sí Kétu kí ìyá àgbà lè rí i. Wọn ò kí mi kú oríire. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n ká ìró wọn mọ́ orúnkún, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n fà wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n pẹ́ lábẹ́ rẹ̀ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n jáde, èruku wà nínú irun wọn.

"Bọ́ṣììn iwájú ti jẹ tán," wọ́n ní. Bọ́ṣììn ni rọ́bà tó ń so irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara. "Táyà ẹ̀yìn ti pá. Ṣọ́kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti rẹ̀ wọ́n. Kí lo ní o fẹ́ ṣe?"

"Sípíríìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ pààrọ̀, Ìyá. Kó wálẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní Ìkòsì ní òun lè bá mi gé èyí tó wà níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀."

Háà! Mi ò lè kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹkáníìkì náà, wọ́n dé orí olùkọ́ tó kọ́ mi ní yunifásítì. Wọ́n ní àgídí bàbá mi ló ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn aládùúgbò ti yọrí síta. Láàárín èébú náà ni ẹ̀kọ́ wà, àmọ́ ta ló ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n ń bú u lójú ọjà? Wọ́n ní táyà àti bọ́ṣììn ni kí n kọ́kọ́ ṣe, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń di ilẹ̀ mú. Kí n wá ra ṣọ́kù mẹ́rin tó bára mu. Kí n wa ọkọ̀ náà fún oṣù mẹ́ta kí n mọ ìwà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí n tó wá sọ̀rọ̀ sípíríìn, odidi ni kí n sì rà, kí ẹnikẹ́ni má fi ayùn kàn án. "Sípíríìn ní í fò," wọ́n ní, "ṣọ́kù ní í sọ fún un pé ó tó. O wá fẹ́ fún ẹni tó ń fò lágbára, o fi ẹni tó ń sọ pé ó tó sílẹ̀ lórí àìsàn?"

Wọ́n kọ̀, wọn ò tà fún mi. Ọmọ-ọmọ wọn! Mo wọ ọkọ̀ mi, mo ń sunkún ìbínú títí mo fi dé Ìkòsì.

Ọjọ́ kejì ni Bọ̀dá Múrí pè mí lórí fóònù. Ó ti gbọ́. Ó ní kí n má dá màmá òun lóhùn, pé ayé àtijọ́ ni wọ́n wà. Ó ní òun ní ṣọ́kù mẹ́rin níwájú òun, wọ́n yọ ọ́ lára ọkọ̀ ìje ní òkè òkun, ṣọ́kù líle gan-an, ọ̀dà pupa foo. Ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ Fúráìdè nígbà tí ìyá bá lọ kírun jímọ́ọ̀. Mo lọ. Ẹ wò ó, èmi náà kì í ṣe òmùgọ̀: mo gbé ṣọ́kù náà dúró lórí kọnkéré, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń rí i tí ìyá àgbà ń ṣe láti kékeré. Ó le. Ó rọra gbé ọwọ́ mi sókè, kò kánjú. Mo ní èyí ń mí. Ta ló máa rò pé àbúrò ìyá òun máa ta òkú ṣọ́kù fún òun, láti inú ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà òun? Mo gé sípíríìn, mo fi ṣọ́kù pupa sí i, ọkọ̀ mi sùn mọ́lẹ̀. Inú mi dùn fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ọjọ́ kejìlá, ọ̀sán Sátidé, oòrùn mú gan-an. Èmi àti màmá mi ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó, a gba Third Mainland. Mo sáré díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ibi tí wọ́n ti so afárá náà pọ̀ máa ń ta táyà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tó bá ta á, ẹ̀yìn ọkọ̀ á fò, kò sì ní dúró. Ó ń fò lọ bẹ́ẹ̀, ó ń fò lọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà Gbàgádà ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti fò kúrò lójú ọ̀nà. A yí lẹ́ẹ̀kan, a fi ẹ̀gbẹ́ gbá kọnkéré. Apá òsì mi ṣẹ́. Orúnkún ọ̀tún màmá mi fọ́ sínú. Títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, màmá mi á kọ́kọ́ dúró wò ó ná.

Ìyá àgbà wá sí ọsibítù. Wọn ò kí mi pẹ̀lẹ́.

"Ta ló ta ṣọ́kù yẹn fún ẹ?"

"Ìyá, ẹ ò tiẹ̀ béèrè bóyá ó ń dùn mí."

"O wà láàyè, mo rí ẹ. Ta ló tà á fún ẹ?"

Mo sọ ọ́. Wọ́n wo ọmọ wọn obìnrin tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Mo bínú sí wọn fún ìbéèrè yẹn fún ọdún púpọ̀. Mo rò pé ọjà wọn ni wọ́n ń rò, kì í ṣe èmi.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ọsibítù, mo tẹ̀lé ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìkòsì, níbi tí wọ́n fa ọkọ̀ mi lọ, tèmi ti apá tí wọ́n so kọ́ mi lọ́rùn. Mẹkáníìkì náà yọ ṣọ́kù ẹ̀yìn méjèèjì. Ọ̀kan ti da ọ́ìlì rẹ̀ nù, ó ṣófo. Ìyá àgbà gbé èkejì dúró, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dijú. Ó rọra gòkè. "Èyí ń mí," wọ́n ní, ojú wọn sì dàrú. Wọ́n gba ọ̀bẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà pupa náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ojú iná jíjó kan wà níbẹ̀, kò ju kóró ẹ̀wà lọ. Wọ́n ti lu ihò sí i, wọ́n ti da ọ́ìlì gíà tó ki sínú rẹ̀, wọ́n ti fi iná dí i. Mẹkáníìkì ní bó bá tutù, á le bí ṣọ́kù gidi. Bó bá gbóná lójú ọ̀nà, ọ́ìlì á yọ́, kò ní di nǹkan kan mú mọ́, á sì máa jò. Ìyá àgbà la àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń wò ó. "Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan ọwọ́ mi jẹ," wọ́n ní.

Ohun tí wọ́n ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn ẹbí ń pè ní wèrè títí dòní. Òun ni mo sì rò pé ó yẹ kí àfáà fi wàásù.

Ìyá àgbà kó gbogbo ṣọ́kù inú ṣọ́ọ̀bù síta, mẹ́tàlélógójì, wọ́n tò ó sí etí títì. Wọ́n pe Ọ̀gá Símíù, ajórin tó wà ní òdìkejì.

"Símíù, ṣé ìwọ lò ń bá Múrí jó ìdí ṣọ́kù?"

Ọ̀gá Símíù dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ó ní ẹ̀yin lẹ ní kó gbé e wá."

"Ó dáa. Gbé ayùn irin ẹ wá."

Bọ̀dá Múrí sáré jáde. Ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú lójú gbogbo ayé. "Màámi, ẹ ṣàánú! Ogún péré ni mo ṣe níbẹ̀! Àwọn tó kù, ojúlówó ni!"

"Èwo ni ogún náà?"

Ó dìde, ó gbé ọ̀kan. Ó wò ó, ó gbé e padà. Ó gbé òmíràn. Ó ti fi ọ̀dà kun gbogbo wọn kí wọ́n lè dọ́gba, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ èyí tó jẹ́ òkú mọ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́kù lọ́wọ́, òógùn bò ó. Ìyá àgbà ò pariwo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí wọn lójú ọjà tí wọn ò pariwo. "Mi ò mọ̀ ọ́n, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n," wọ́n ní. "Símíù, gé e."

Ó gé gbogbo rẹ̀. Ojúlówó àti èké, ó gé wọn sí méjì-méjì, ọ́ìlì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, ìyá àgbà kọjú sí àwọn èrò. Wọ́n ní ẹni tó bá ra ṣọ́kù lọ́wọ́ àwọn láàárín ọdún kan sẹ́yìn, kó lọ ha ọ̀dà rẹ̀ wò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló ṣe é, èmi ni mo bí i. Àmọ́ láti òní lọ, ẹ má pè mí ní Ìyá Múrí mọ́. Sàbítíyù ni bàbá mi sọ mí."

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ mọ bí èyí ṣe wúwo tó, kí ìyá sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ láìnì náà ò kí wọn kú iṣẹ́. Àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀bẹ dání, wọ́n ń ha ọ̀dà káàkiri, wọ́n sì ń rí ojú iná nínú ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tiwa. Ṣiámáànù ẹgbẹ́ wá bá ìyá, ó ní wọ́n ti ba ọjà jẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ìyá ní, "Mi ò bà á jẹ́. Ọ̀dà ni mo ní kí wọ́n ha." Wọ́n lé ìyá kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ní tókunbọ̀ kò gbọdọ̀ tà fún wọn mọ́. Kò tó oṣù mẹ́fà tí ṣọ́ọ̀bù fi tì pa, tí obìnrin tí kì í jókòó di ẹni tó ń wo ọgbà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ta wá ni àwọn ẹbí dá lẹ́bi? Èmi! Wọ́n ní ọkọ̀ mi ló pa ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn. Bọ̀dá Múrí gan-an dìde nípàdé ẹbí, ó ní ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe fààrí ló kó gbogbo wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Àwọn àgbà mirí. Ohun tó sì mú kó burú ni pé n ò lè sọ pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Èmi ni mo gé sípíríìn. Èmi ni mo dúró de ọjọ́ jímọ́ọ̀ kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà mi. Tí mo bá ń bínú sí Bọ̀dá Múrí, mo máa ń yọ díẹ̀ nínú ìbínú náà fún ara mi.

Ní ọdún tó ṣáájú ikú ìyá àgbà, mo lọ kí wọn. Wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá ibi tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Lójijì, wọ́n béèrè ibi tí ọkọ̀ mi wà. Mo ní mo ti tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.

"Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn," wọ́n ní.

Mo rò pé etí mi ni. "Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Abẹ́ rẹ̀ dáa, ìpẹtà ò kàn án. Ká ní o ní sùúrù ni, à bá jọ tún un ṣe. Èmi ni ǹ bá bá ẹ ṣa ṣọ́kù rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Kàkà kí inú mi dùn, inú ló bí mi. Mo pariwo mọ́ àgbàlagbà. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá? Èébú lẹ bú mi! Lójú gbogbo Kétu!"

Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ dúró, wọ́n wò mí bí ẹni tí mo béèrè ohun tó hàn kedere lọ́wọ́ rẹ̀. "Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn," wọ́n ní.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú wọn lọ, kò pẹ́ kò jìnnà. Kí wọ́n tó lọ, Bọ̀dá Múrí wá tọrọ àforíjì nígbà mẹ́ta. Wọ́n foríjì í. Wọ́n bá a jẹun. Àmọ́ tó bá pè wọ́n ní Ìyá Múrí níwájú àlejò, wọn kì í jẹ́ ẹ. Ó mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

Ẹ wá rí ìdí tí pátákó yẹn fi fẹ́ sọ mí di wèrè.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, màmá mi ní àwọn máa bá mi lọ, kí n má baà lọ dá ìjà sílẹ̀. Bọ̀dá Múrí ti gbé pátákó náà kọ́ sókè. Ṣọ́kù ti tò sórí tábìlì, pupa foo, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó gbé àga fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá mi ò jókòó. Wọ́n gbé ṣọ́kù kan, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ilé wọn nínú báàgì, wọ́n ha ìdí rẹ̀. Wọ́n ha á títí ojú iná jíjó kan fi yọ. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e padà sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì wo àbúrò wọn.

"Bọ̀dá," mo ní, "ẹ kọ orúkọ tiyín sókè yẹn. Ẹ kọ MÚRÍ ONÍṢỌ́KÙ. Mi ò ní bá yín jà."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá àwọn aládùúgbò ń gbọ́. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àníkẹ́, ta ló máa ra ṣọ́kù lọ́wọ́ Múrí?"

Mo sọdá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Símíù. Ó ti ń wò wá láti òdìkejì. Ó gbé àkàbà rẹ̀ fún mi, ó sì fún mi ní agolo ọ̀dà dúdú tó fi ń kun géètì. Bọ̀dá Múrí fẹ́ fa àkàbà náà gbà. Màmá mi bọ́ sáàárín. "Fọwọ́ kàn án wò," wọ́n ní fún un. Màmá mi tó bẹ̀ mí níbi fídáù! Wọ́n tẹ orúnkún burúkú yẹn mọ́ ẹsẹ̀ àkàbà, wọ́n fọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo sì gùn ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí S. Ọ̀dà ń kán sí mi lójú, mo ń sunkún bí ọmọdé lójú gbogbo láìnì. Mo fi ọ̀dà dúdú pa orúkọ ìyá àgbà mi rẹ́ pátápátá, kó má baà bàjẹ́.